Àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀

Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni. Kòrónà ṣì wà nílẹ̀, iléèwé ṣì wà ní títì, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Tánkẹ̀, n'Ílọrin, mò ń wo fóònù lálẹ́ torí wọn ò tíì mú iná dé. Àwòrán ẹsẹ̀ ẹranko kan bọ́ sójú fóònù. Wọ́n ti fi báńdéèjì funfun wé e dé ọrùn ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wé ọwọ́ ọmọ tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Nínú àwòrán kejì, wọn ò tíì wé e. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ náà ti bó, ẹran abẹ́ rẹ̀ pupa yòò. Jágúà ni ẹranko ọ̀hún. Ó jọ ẹkùn tiwa níbí, àmọ́ ó ki jù ú lọ, orí rẹ̀ sì tóbi. Ousado ni orúkọ tí wọ́n ń pe ti inú àwòrán yìí. Iná ló jó o ní ilẹ̀ Brazil, níbì kan tó ń jẹ́ Pantanal.

Mo ka ìròyìn náà tán, mo tún un kà, nítorí ohun kan ò yé mi nínú rẹ̀. Pantanal kì í ṣe ọ̀dàn gbígbẹ. Àbàtà ni. Nínú gbogbo àbàtà tó wà ní ilẹ̀ olóoru láyé, òun ló tóbi jù. Brazil ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Bolivia àti Paraguay pín ìyókù. Ìpínlẹ̀ Kwara mẹ́rin lè wọ inú rẹ̀. Jágúà sì mọ omi í wẹ̀ dáadáa, inú odò ló ti ń pa ọ̀nì jẹ. Báwo ni iná ṣe wá rí ẹranko bẹ́ẹ̀ jó lẹ́sẹ̀ láàárín àbàtà?

Ìbéèrè yìí ò pẹ́ lẹ́nu mi tí mo fi rántí pé mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ti ṣojú mi rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ẹsẹ̀ tó jóná sì ni ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

*

Bí èèyàn bá ti Ìlọrin bọ̀, á kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, á dé Òmù-Àrán, lẹ́yìn náà ni yóò yà sí ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó lọ sí abúlé wa. Ìsàlẹ̀ abúlé náà ni àkùrọ̀ Màmá wà. Màmá là ń pe ìyá tó bí bàbá wa. Ilẹ̀ á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, á kọjá oko ẹ̀gẹ́, á wá tẹ́ lójijì níbi tí igi ògùrọ̀ ti pọ̀, tí ilẹ̀ ti dúdú bí àdí, tí ìrìn ẹsẹ̀ èèyàn sì ń yí ohùn padà. Lókè, bàtà á máa ró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Tó o bá ti dé ìsàlẹ̀, kò ní dún mọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé gbogbo ti wọ́, tí ilẹ̀ oko iṣu ti sán, ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ewédú wà, ata, kókò, àti ìrèké tí àwa ọmọdé máa ń jí ṣẹ́. Ní oṣù kejì, tí ẹ̀fọ́ bá di ọ̀wọ́n lọ́jà Òmù-Àrán, ìgbà yẹn ni Màmá máa ń ru ẹ̀fọ́ lọ. Owó ìwé wa ti inú ilẹ̀ dúdú yẹn jáde. Kò sí pọ́ńpù, kò sí ọpọ́n omi kankan. Tó o bá gbẹ́ ihò tó jìn tó láti ọwọ́ dé ìgúnpá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sun, á kọ́kọ́ dúdú, á sì mọ́ tó bá dúró díẹ̀. Akàn ló kọ́ wa ní ibi tó yẹ ká gbẹ́. Ibi tí ihò akàn bá pọ̀ sí, omi ò jìnnà síbẹ̀.

Gbogbo wa la mọ òwe tó sọ pé àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i. Ẹni tó ti lówó tẹ́lẹ̀ tí owó mìíràn tún wọlé fún la máa ń pa á fún. Màmá kì í pa á bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu tirẹ̀, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ni. Tí ọyẹ́ bá mú, tí àwọn aládùúgbò ń ráhùn pé ohun gbogbo ti gbẹ, á ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú, àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀." Bí ẹni tó ń sọ pé àkáǹtì òun ní báńkì ò tíì gbẹ ló ṣe máa ń sọ ọ́.

*

Òjò ọdún 1982 tètè dá. Ọyẹ́ tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1983, ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà ò lè gbàgbé rẹ̀. Eruku bo ojú ọ̀run débi pé èèyàn lè tẹjú mọ́ oòrùn láàárọ̀ bí ẹni ń wo òṣùpá. Ètè wa là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Oko kòkó jó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ará Gánà ni tíṣà ìṣirò wa. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì onílà pupa àti búlúù tí a wá sọ lórúkọ Ghana-Must-Go, ó bọ wá lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Mo ti dàgbà kí n tó kà á pé ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kan náà ni iná jó oko kòkó àti oko oúnjẹ ní Gánà débi tí ìyàn fi mú níbẹ̀. Inú igbó tó ń jó ni tíṣà wa ti kúrò, inú igbó tó ń jó náà ló sì lọ bá.

Ẹnì kan ló dáná sun igbó òkè nítorí ọ̀yà. Abúlé mọ ẹni náà. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ nígbà yẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Iná ọ̀dàn á jó wá láti òkè, àwòdì á máa fò yí i ká nítorí tata tó ń sá jáde, iná náà á jó títí dé etí àkùrọ̀, á rẹlẹ̀, á sì kú. A kì í tilẹ̀ dìde. Màmá á ní kí a kàn kó aṣọ tó sá sórí okùn.

Lọ́dún yẹn náà, ó jó dé etí àkùrọ̀, ó sì rẹlẹ̀. A sùn.

Lọ́jọ́ kejì, èéfín tín-ín-rín kan ń jáde láàárín àkùrọ̀, níbi tí iná ò dé. Kò sí ọwọ́ iná kankan níbẹ̀. Ewé kókò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Màmá gbé ọkọ́, ó lọ. Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ iwájú orí ọmọ wò bóyá ibà ń ṣe é. Lójijì ló fa ọwọ́ náà sókè. Ó wò mí. Mi ò rí irú ojú yẹn lójú rẹ̀ rí, mi ò sì rí i mọ́ títí tó fi jáde láyé. Ó ní, "Ilẹ̀ ń jó."

A ru omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Tí omi bá kan ilẹ̀, á hó, èéfín á dúró. Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti tún yọ ní ibòmíì, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà ogún síbi ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, rí ọ̀yà kan tó ti kú sí ìdí ògùrọ̀. Ó fò lọ mú un. Ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ̀ dà bí ilẹ̀ gidi, koríko wà lórí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọlẹ̀ dé ojúgun, sínú ẹ̀ṣẹ́ná pupa tó kún inú ihò náà fọ́fọ́.

Mi ò ní kọ igbe tó ké. Oṣù mẹ́rin gbáko kò fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ojú àpá náà ń dán títí dòní bí awọ ìlù tí wọ́n ti lù pẹ́.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àkùrọ̀ Màmá, mo ti wá mọ bó ṣe rí, ohun kan náà ló sì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Pantanal. Ewé, gbòǹgbò àti koríko tó bá já bọ́ sínú omi àbàtà kì í jẹrà tán, torí afẹ́fẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á máa tò léra wọn lọ́dọọdún, ìpele lórí ìpele, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí omi bá wà lórí wọn, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Tí omi bá kúrò, wọ́n di ohun ìdáná tí wọ́n ti ń kó jọ láti ayé baba ńlá ẹni. Iná tó bá wọ inú rẹ̀ kì í sáré, kì í ní ahọ́n. Á máa rá lábẹ́ ilẹ̀ ní sùúrù, á jẹ gbòǹgbò igi láìjẹ́ kí ewé mọ̀, igi á kàn wó lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn ò fẹ́. Omi tí èèyàn bá dà lé e lórí kò ní dé ìdí rẹ̀. Ohun tí èèyàn lè fi dá a dúró ni kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí i ká títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ tútù. Ohun tí àwọn panápaná ṣe ní Brazil lọ́dún 2020 nìyẹn. Ohun tí àwọn ọkùnrin abúlé wa ṣe ní 1983 náà nìyẹn, láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Ó gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yàrà náà ti ga tó àyà ọkùnrin kí wọ́n tó kan ilẹ̀ tútù. Bàbá mi wà nínú àwọn tó gbẹ́ ẹ, òun ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ìgbà tí òun rí bí yàrà náà ṣe jìn tó lẹ̀rù ba òun, kì í ṣe ìgbà tí òun rí iná.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi yìí ni mo gbé lọ́wọ́ nígbà tí mo ń ka ohun gbogbo tí mo lè rí kà nípa Pantanal.

Ilẹ̀ Pantanal tẹ́ bí àwo. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, òjò á rọ̀ sórí ilẹ̀ òkè tó yí i ká, omi á ṣàn wọ inú àwo náà, kò sì ní rí ibi sáré gbà, torí ní kìlómítà kan gbáko, ilẹ̀ ọ̀hún kì í fi ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ rẹlẹ̀. Omi náà á máa rìn bí arúgbó tó ti ọjà bọ̀. Ó máa ń lo ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ti àríwá dé gúúsù. Ìgbà tí ojú ọ̀run ti mọ́ kedere tí òjò ti dá, ìgbà yẹn gan-an ni omi ń kún ní ìsàlẹ̀. Ẹja á tú ká sínú koríko, ẹyẹ á tẹ̀ lé ẹja, lẹ́yìn náà ni omi á fà padà sínú odò Paraguay.

Àwa náà ní irú omi bẹ́ẹ̀, a kì í kàn í sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bi àwọn apẹja Nupe tó wà ní ìhà Pàtígí àti Jẹ́bà léèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò Ọya máa ń kún lọ́dún. Èyí àkọ́kọ́, láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, ni òjò ilẹ̀ wa níbí ń mú wá. Ẹrẹ̀ ló ń gbé lọ́wọ́, omi funfun ni wọ́n ń pè é. Èyí kejì, òjò tó ti rọ̀ lórí òkè ilẹ̀ Guinea láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ó ti gba inú àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ó wá dé ọ̀dọ̀ wa ní mímọ́ láàárín ọyẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí òjò mọ́. Omi dúdú ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ ìbátan rẹ̀ kan. Ara òwe wa tún ni pé àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti dúró létí omi pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ó takété lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wọn.

Ìlú kan wà létí odò Paraguay tó ń jẹ́ Ladário. Wọ́n ri igi ìwọnmi mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ọdún 1900 ni wọ́n sì ti ń kà á lójoojúmọ́. Bí omi bá ga tó mítà mẹ́rin lórí igi náà, wọ́n á ní ẹ̀kún omi ti dé. Lọ́dún 2020, nígbà tó yẹ kó ga jù, agbára káká ló fi lé ní mítà méjì. Òjò ti ṣọ̀wọ́n láti 2019, torí ìkùukùu tó yẹ kó gbé ọ̀rinrin wá láti ìhà igbó Amazon kò gbé e dé. Àwo náà ò kún. Koríko tó yẹ kó wà lábẹ́ omi ní oṣù karùn-ún wà níta, ó ń gbẹ. Gbogbo èyí ti wà lórí igi ìwọnmi náà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná.

Wọ́n sì ṣáná. Mànàmáná kì í sábà sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, ọwọ́ èèyàn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iná náà ti wá. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń sin màlúù ní Pantanal, àwọn olówó màlúù sì máa ń sun koríko kí tuntun lè hù. Ní oṣù keje, ìjọba àpapọ̀ Brazil ní kí ẹnikẹ́ni má dáná sun ilẹ̀ fún 120 ọjọ́. Iná ò gbọ́ òfin. Nígbà tí òjò fi máa padà dé, ó ti jó bíi 3.9 mílíọ̀nù hẹ́kítà, ó ju ìdá mẹ́rin Pantanal lọ. Ẹ fi wé ìpínlẹ̀ wa: ilẹ̀ tó jó yẹn tóbi ju gbogbo Kwara lọ, láti Bàrútẹ̀ẹ́n títí dé Ọ̀fà. Ọgbà kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀, tí jágúà pọ̀ sí, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ibi tí omi ti pàdé, Encontro das Águas, ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ló jó. Ilẹ̀ àwọn Guató, tí wọ́n jẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi láti ìṣẹ̀dálẹ̀, jó. Ọ̀nà kan gba inú Pantanal kọjá tó ní afárá onígi bí ọgọ́fà; iná ń jó afárá náà lórí odò tí kò lómi, ọkọ̀ tó ń gbé omi ń sáré láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn èèyàn to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bàrà jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà yẹn fún ẹranko tí kò rí nǹkan jẹ mọ́.

Àwọn onímọ̀ rìn gba inú eérú náà ní ìlà tààrà, wọ́n ń ka òkú. Ìṣirò wọn ni pé ẹranko eléegun ẹ̀yìn bíi 17 mílíọ̀nù ni iná yẹn pa ní tààrà lọ́dún 2020. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn ejò kékeré, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tó ya àwòrán ẹsẹ̀ ejò, ejò ò lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé níbi tá a ti wá, tí wọ́n bá ní ejò mílíọ̀nù mẹ́sàn-án kú, àwọn kan á dúpẹ́. Èmi ò lè dúpẹ́. Ejò omi kékeré tó ń gbé ìdí koríko, tó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́, kò ní ibì kankan tó lè sá sí yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ló ń jó.

Ousado yè. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn wọ́n dá a padà sínú ọgbà tó ti wá, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó ń rìn sí. Mo fi àwòrán ìgbà tó ń jáde kúrò nínú àgò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò kọ nǹkan kan padà. Lọ́jọ́ kejì ló pè mí. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti gbẹ́ yàrà?"

*

Ohun tó ń dùn mí nínú bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ iná ni pé ìgbà tó bá ní ahọ́n la máa ń rí i. Ní 2020, ayé rí iná Pantanal. Ní 2024 ó tún jó, ó tilẹ̀ tètè bẹ̀rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ayé tún rí i díẹ̀. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá 2024, odò Paraguay lọ sílẹ̀ ní Ladário débi tí kò dé rí láti 1900: sẹ̀ǹtímítà 69 ní ìsàlẹ̀ òdo igi ìwọnmi. 1964 ló mú ipò yẹn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú 61. Mélòó nínú wa ló gbọ́? Omi tó ń lọ kì í pariwo. Kò ní àwòrán. Ẹ̀ka ilẹ̀ òkè tí wọ́n ti ro fún ọ̀gbìn àti koríko màlúù ń tú yanrìn sínú odò tó ń wọ Pantanal láti àwọn ọdún 1970. Odò Taquari kún fún yanrìn débi pé ó ya kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó rí iyẹn tí kò bẹ̀rù, iná ló ń retí kó tó bẹ̀rù.

N'Ílọrin níbí, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ odò Àsà kọjá lọ síbi iṣẹ́. Àkùrọ̀ tí àwọn ìyá ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, típà ń da ilẹ̀ pupa sínú rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí. Mo ti dúró bá àwọn tó ń tà á sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Àǹtí, ilẹ̀ òfìfo ni." Ilẹ̀ òfìfo! Ibi tí omi ìlú ń fara pamọ́ sí de oṣù kejì.

Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè bu ọwọ́ lù ní Ramsar, ní ilẹ̀ Iran, ní 1971, láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi. Apá kan nínú Pantanal wà lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nàìjíríà náà ní mọ́kànlá níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà nítòsí wa gan-an: ilẹ̀ ẹ̀kún omi ibi tí odò Kaduna ti pàdé odò Ọya, láàárín ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara, tó wọlé sórí àkọsílẹ̀ náà ní 2008. Mo bi kíláàsì mi kan léèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ márùndínlógójì, kò sí ẹyọ kan. Mi ò bá wọn wí, torí èmi náà ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ dáàmù Kainji tán ní 1968, tí ti Jẹ́bà sì tẹ̀ lé e, omi funfun àti omi dúdú ò wá mọ́ bí wọ́n ṣe ń wá. Ìlẹ̀kùn dáàmù ló ń pinnu. Orúkọ tó wà lórí ìwé dára, mo sì dúpẹ́ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kì í sun omi.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣáná mọ́ láéláé. Àwọn ọdẹ àgbà abúlé wa máa ń sun koríko nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Iná yẹn máa ń rìn jẹ́jẹ́, á mú èyí tó gbẹ, á fi èyí tó tutù sílẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá sì fi máa dé, ohun tí iná ńlá ì bá jẹ ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ọgbà ẹranko ìjọba tó wà ní Kainji, Brazil náà sì ṣe òfin ní 2024 tó fàyè gba irú rẹ̀. Ẹni tó sun igbó òkè ní 1983 mọ èyí ju mi lọ. Oṣù kejì ló sun ún, nítorí ebi ń pa á, ọ̀yà sì ti ṣọ̀wọ́n. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bínú sí i. Ó ti kú báyìí. Tí mo bá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, iná tó ṣá lọ́dún yẹn kò yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣá ní gbogbo ọdún tí a kàn ní kí a kó aṣọ kúrò lórí okùn. Ilẹ̀ tó ṣá a sí ló ti yàtọ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó ti gbẹ́lẹ̀ wò.

*

Màmá gbẹ́lẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní 1984, ó ní kí bàbá mi gbẹ́ kànga kékeré kan sí etí àkùrọ̀, ó sì wá okùn kan tó fi so òkúta. Ó ta kókó sí okùn náà, ìgúnpá kan síra wọn. Tí ọyẹ́ bá ti wọlé, á sọ òkúta náà sínú kànga, á ka kókó tó bá gbẹ láti ẹnu kànga dé ojú omi. Tó bá jẹ́ méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́. Tó bá ti kọjá mẹ́rin, á lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, á sọ fún un pé kí wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná sí igbó òkè lọ́dún yẹn. Wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀, torí gbogbo abúlé ti rí ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ló jogún okùn náà. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, okùn ọ̀rá ni ti ìsinsìnyí, àmọ́ kókó rẹ̀ ṣì jìnnà síra bí ti àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgúnpá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì ní ti Màmá kúrú díẹ̀ sí i, nítorí náà ó yọ ìwọ̀n ìka méjì kúrò. Àkùrọ̀ náà ṣì wà. Ògùrọ̀ ti padà hù ní apá kan, apá kejì tí iná jó jù ti rì sílẹ̀ di kòtò. Pọ́ńpù méjì ló ń fa omi lókè odò báyìí fún oko tòmátì, ìyẹn ò sì sí nígbà ayé Màmá.

Ó máa ń pè mí ní gbogbo oṣù kìíní. Tá a bá ti kíra wa tán, tó ti béèrè àwọn ọmọ, á ní kí n mú bírò. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ọ́ sí. Lọ́dún tó kọjá, kókó mẹ́rin ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó pè, mo gbọ́ ìró òkúta náà nínú fóònù bó ṣe ń kan ẹ̀gbẹ́ kànga lọ sísàlẹ̀, mo ń dúró kí n gbọ́ ìgbà tó máa kan omi. Ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń kà á sókè bó ṣe ń fà á padà, ó ń mí díẹ̀díẹ̀, ó sì dákẹ́ lẹ́yìn ìkarùn-ún kó tó sọ ìkẹfà.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ rí baálẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.